Ìwé Jákujàku Tó Gba Ìtàn Là: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Oòrùn ti ń mú, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ gígùn dá ìrẹsì àti ẹran dúró. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́jáde gbọ́ kó tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ní ọdún 1897, Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá tó ti ń kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti jókòó ti àwọn arókin ààfin, ó ti bá àwọn àgbà tó fojú rí ogun sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní 1886, kí ogun Kírìjì lè tán. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Títí tí Johnson fi kú ní 1901, kò fojú kàn án mọ́.

Ó ku àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson. Ohun tí dókítà bá nílé kò dán, kò sì tò: àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, èyí tó kọ́kọ́ kọ jákujàku kó tó jókòó da ìwé gidi kọ. Ìyẹn ló fi tún odidi ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó tún fi ránṣẹ́ ní oṣù Kìíní 1916, ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì mú Appam, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, wọ́n sì tù ú gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ẹrù náà tó dé ibi tó ń lọ. Ọdún 1921 ni The History of the Yorubas jáde. Obadiah pàápàá ti kú ní ọdún tó ṣáájú.

Ẹ̀dà tó mọ́ tónítóní ló sọnù nílùú òyìnbó; èyí tó kún fún ìparẹ́ ló gba ìtàn là. Ẹni tó bá ti kọ̀wé gidi rí mọ ìdí rẹ̀. Orí ìwé jákujàku ni òǹkọ̀wé ti ń bá ara rẹ̀ jà. Ibẹ̀ ló ti ń rí i pé ohun tí òun rò láàárọ̀ kò dúró mọ́ nírọ̀lẹ́, pé ẹlẹ́rìí méjì kò sọ nǹkan kan náà, pé gbólóhùn tó dùn létí kò ní òótọ́ nínú. Ìwé tó bá parí jẹ́ èsì ìjà yẹn. Ẹni tó ja ìjà náà lè tún ìwé kọ bó bá jóná.

Láti ọdún mélòó kan ni gbogbo ayé ti ń béèrè bóyá gbígbára lé ọgbọ́n àtọwọ́dá ń sọ ọpọlọ di ọ̀lẹ, bóyá ó ń pa ọwọ́ ìkọ̀wé. Ìdáhùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ òní kò ṣòro. Bí ẹ̀rọ bá gba jákujàku lọ́wọ́ ẹni, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn jákujàku ló tó dé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀rí wà fún apá méjèèjì, ó sì yẹ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń kọ̀wé, jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síwájú yìí kò tíì lò ju ọdún kan lọ ní yunifásítì nígbà náà. Kí wọ́n tó wọ ọdún kẹta, iṣẹ́ àṣetiléwá tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta ní láíbìrì ti di ohun tí wọ́n ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí dátà bá ti wà lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́. Kó tó dé rárá, àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́nu géètì ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ yìí ti ń ta próójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ẹni àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni oníbàárà ń yí padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé “la kíráàmù, la pọ́ọ̀”: kó o sórí, dà á sórí ìwé ìdánwò, gbàgbé ẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá da ọ̀rọ̀ wọn padà fún wọn bí wọ́n ṣe pè é ló ń gba máàkì. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ló kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní àìronú ń fún ẹ̀rọ ní oyè tí kò tọ́ sí i. Ó kàn sọ àṣà àtijọ́ di ọ̀fẹ́ ni, ó sì bá wa dán an.

Ní oṣù Kẹfà 2025, Nataliya Kosmyna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tí ariwo rẹ̀ gba ayé kan. Wọ́n kó ènìyàn 54 jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ń fi ChatGPT kọ àròkọ. Ìpín kejì ń wá ohun tí wọ́n fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìpín kẹta kò ní nǹkan kan ju orí wọn lọ. Wọ́n dé ẹ̀rọ tó ń wo iṣẹ́ ọpọlọ sí gbogbo wọn lórí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ. Ọpọlọ àwọn tó ń lo ChatGPT ló ṣiṣẹ́ kéré jù. Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú mú gbólóhùn kan péré wá láti inú àròkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìpín kìíní ló di ìṣòro fún. Àròkọ tí wọ́n fi orúkọ ara wọn sí ni o, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀.

Ó yẹ ká fi òótọ́ kún un. Ènìyàn 54 kò pọ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn kò sì tíì yẹ iṣẹ́ náà wò nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Àwọn olùṣèwádìí náà fúnra wọn bẹ àwọn oníròyìn pé kí wọ́n má kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ń sọ ènìyàn di òmùgọ̀. Àwọn kan nínú àwọn oníròyìn gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Apá tí ariwo náà bò mọ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, 18 nínú wọn padà wá, wọ́n sì pààrọ̀ àyè fún wọn. Àwọn tó ti ń lo ChatGPT gbọ́dọ̀ fi orí ara wọn kọ. Àwọn tó ti ń fi orí ara wọn kọ wá gba ChatGPT. Ọpọlọ àwọn ti ìṣáájú kò jí dé ibi tó yẹ kó jí dé. Ti àwọn kejì ń ṣiṣẹ́ pẹrẹu, wọ́n ń rántí ohun tí wọ́n kọ, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ bá wọn ṣe. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n lò. Èwo ló ṣáájú èwo ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Tọ́kì, Hamsa Bastani ti Yunifásítì Pennsylvania àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìṣirò láti wo ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ girama tó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ bó ṣe wà fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ kíláàsì. Ìdánwò dé, wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi ìdá 17 rẹlẹ̀ sí àwọn tí kò fojú kan ẹ̀rọ rí. Èyí tó burú jù ni pé wọn kò mọ̀. Wọ́n rò pé àwọn ti kọ́ nǹkan. Ẹgbẹ́ mìíràn wà tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kó má sọ ìdáhùn, kó máa tọ́ka ọ̀nà fún ọmọ ni. Ẹ̀rọ kò ba tiwọn jẹ́ lọ́jọ́ ìdánwò.

Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tó jẹ́ pé aṣọ tí ọ̀gá ti rán tán ló ń lọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ yóò ṣe fúrídọ̀ọ̀mù bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á lu ìlù, wọ́n á ya fọ́tò, bàbá rẹ̀ á gbàdúrà fún un. Ìgbà tí oníbàárà bá gbé léèsì wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ní ọjọ́ Sátidé lòun fẹ́ lò ó, ni sísísọ́ọ̀sì yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan ni. Ní 2025, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet Gastroenterology & Hepatology, gbé iṣẹ́ kan jáde láti ilẹ̀ Poland. Àwọn dókítà tó ti pẹ́ lẹ́nu fífi kámẹ́rà yẹ ìfun wò bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń bá wọn tọ́ka sí kókó tó lè di jẹjẹrẹ. Kí ẹ̀rọ tó dé, ìdá 28.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni wọ́n ń rí kókó lára wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ẹ̀rọ ti wà láàárín wọn, nígbà tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ náà láìlò ó, ó ti já sí 22.4. Ojú àgbà dókítà nìyẹn o, ojú tó ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìfun.

Ti lọ́yà New York kan kò yẹ ká fò dá. Steven Schwartz ti ń ṣe iṣẹ́ amòfin fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún nígbà tó fi ChatGPT wá ẹjọ́ àtijọ́ tó lè ran oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́ lòdì sí Avianca, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rọ kó ẹjọ́ fún un, pẹ̀lú orúkọ àwọn adájọ́ tó dá wọn. Mẹ́fà nínú wọn kò ṣẹlẹ̀ rí láyé. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu lọ́yà, ẹ̀rọ yẹn kan náà ló padà lọ bi pé ṣé òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ní òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹfà 2023, Adájọ́ P. Kevin Castel bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là fún òun, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ wọn. Owó náà kò tó nǹkan lójú lọ́yà New York; orúkọ tó bàjẹ́ ló pọ̀.

Síbẹ̀, kò dára ká fi ìbẹ̀rù sin ọmọ jáde nílé-ẹ̀kọ́. Nítòsí wa níbí, ní ìlú Bìní ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, Báńkì Àgbáyé ṣe ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan ní 2024 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS1. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, àwọn ọmọ á jókòó ní méjì-méjì sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa fi Microsoft Copilot kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ wọn á sì máa rìn láàárín wọn: òun ló ń gbé iṣẹ́ fún wọn, òun ló ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ta àwọn tí kò sí nínú ètò náà yọ gidigidi. Ẹni tó wá déédéé jèrè ju ẹni tó ń sá lọ, àwọn ọmọbìnrin tó ti wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ sì wà lára àwọn tó jèrè jù. Irú ẹ̀rọ tó fi ìdí akẹ́kọ̀ọ́ Tọ́kì rẹmi ló gbé ti Ẹdó sókè. Nílẹ̀ Ẹdó, olùkọ́ wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ di orí fún ọmọ.

Ní ti ìkọ̀wé, ewu mìíràn wà tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń dé síni lórí kò lè fi hàn: kí ohùn òǹkọ̀wé parẹ́. Méséńjà ni Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ní ọ́fíìsì ìjọba kan l’Ékòó nígbà tí Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard rẹ̀ jáde ní London ní 1952. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa. Wọ́n ní ó ń tàbùkù wa lójú òyìnbó. Dylan Thomas, akéwì ará Wales, ní tirẹ̀ yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer. Ká ní Tutuola ní ChatGPT lórí tábìlì méséńjà rẹ̀, tó sì ní kó bá òun tún Gẹ̀ẹ́sì yìí ṣe, ẹ̀rọ ì bá tún un ṣe kíá. Ohun tó jẹ́ Yorùbá lábẹ́ gbólóhùn rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ kà sí àṣìṣe. Ìwé náà ì bá mọ́, a kì bá sì máa dárúkọ rẹ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń kan ẹni tí kò lo ẹ̀rọ pàápàá. Ní oṣù Kẹrin 2024, Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó ń fi owó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ lórí X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, pé òun rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “delve”, nínú lẹ́tà kan, òun sì fura pé ChatGPT ló kọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà bò ó. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi pàṣán kọ́ wọn láti kékeré ni wọ́n wá sọ di àmì olè! Ìbínú wọn ní ìdí. Ní 2023, àwọn olùṣèwádìí ní Stanford kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL, wọ́n sì fi wọ́n sábẹ́ ẹ̀rọ méje tó ń pe ara wọn ní atú-àṣírí ìkọ̀wé ẹ̀rọ. Ní ìpíndọ́gba, ohun tó lé ní ìdajì ni wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. OpenAI pàápàá gbé atú-àṣírí tirẹ̀ jáde ní ọdún yẹn, ó sì dá a dúró ní oṣù Keje nítorí pé kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fura sí próójẹ́ẹ̀tì kò ní ohun tó dára ju pé kó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé jákujàku rẹ̀ wá, kó sì jókòó ṣàlàyé ìdí tó fi pa orí kejì rẹ́ tó tún un kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn lásán kò ní ẹlẹ́rìí tó ju ìyẹn lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń sanwó fún atú-àṣírí, tí kò sì béèrè fún ìwé àkọ́kọ́ rí, ń náwó sí ibi tí kò tọ́.

Àwọn kan á ní: ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pariwo nígbà tí kalikulétọ̀ dé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Babaláwo tó mọ Odù 256 pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye ẹsẹ̀ wọn lórí, bí wọ́n bá ti kó bírò àti ìwé fún un láti kékeré, bóyá kò ní mọ ìdajì rẹ̀. Ìwé gba nǹkan lọ́wọ́ ìrántí wa, a sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó fi san án pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kò bá ẹnikẹ́ni yan ohun tí yóò kọ sínú rẹ̀, kalikulétọ̀ kò sì bá ẹnikẹ́ni pinnu ohun tó yẹ kó ṣírò. Ẹ̀rọ tuntun yìí ń bá ni yan kókó, ó ń bá ni tò ó, ó ń bá ni pinnu, kí ẹni tó ni iṣẹ́ tó mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà gbọ́. Ẹ ní kó kọ Yorùbá ojú-ìwé kan, ẹ ó rí i: nígbà mìíràn àmì ohùn á lọ sódì, òwe á lọ́ mọ́ òwe. Ẹni tó gbọ́ èdè á rẹ́rìn-ín, á tún un ṣe. Ẹni tí kò gbọ́ èdè á tẹ̀ ẹ́ jáde, á há a fún gbogbo ìjọ.

Láìpẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbí yóò wọ kákí àgùnbánirọ̀. Wọ́n á gbé àwọn kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti táàmù méjì, wọ́n á fi SS2 lé wọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ kíláàsì náà á sì ní fóònù ju ìwé lọ. Ohun tí àgùnbánirọ̀ lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Kó fún wọn ní abala ìwé kọ̀ọ̀kan àti ìṣẹ́jú 20, fóònù nínú báàgì, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n rò pé ọ̀nà ìlú wọn fi bàjẹ́, bó ti wù kí Gẹ̀ẹ́sì náà rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí fóònù jáde, kí wọ́n bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè kan náà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá fa ìlà sábẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti mọ̀ jù ú lọ, kó sì fa ìlà sábẹ́ ibi tí òun ti mọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ á mọ̀ nípa kọ̀ǹkéré àti ọ̀dà. Kò ní mọ kańsílọ̀ tó gba iṣẹ́ náà, kò ní mọ kòtò tí ọkọ̀ elépò máa ń rì sí nígbà òjò, kò sì ní mọ aláboyún tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé kọjá níbẹ̀ lóru.

Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ máàkì, kó pín in sí méjì: ìdajì fún àròkọ tó parí, ìdajì fún abala ìwé àkọ́kọ́ náà, pẹ̀lú gbogbo ìparẹ́ rẹ̀.